Láti Agogo Ìjáde Títí Òbí Yóò Fi Wọlé: Ìtọ́nà fún Ìdílé Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà àti Sàngó

Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀tà mọ bí ojúmọ́ ṣe máa ń mọ́ níbẹ̀. Kí oòrùn tó yọ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti tò sí ẹnu géètì àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìdírókò, àwọn mìíràn ti wọkọ̀ lọ sí Àgbárá, àwọn mìíràn ti kọjá Tólugéètì lọ sí Èkó. Ọmọ á wẹ̀, á jẹun, á dé ilé-ìwé. Ní ọ̀sán, agogo ìjáde á lù. Ṣùgbọ́n ṣíìfù àárọ̀ kì í tíì parí nígbà yẹn, ọjà kì í tíì tú, sún kẹrẹ fà kẹrẹ abẹ́ Bíríìjì Sàngó kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ti Èkó bọ̀ tètè délé. Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà, ló máa ń wà láàárín ìgbà tí olùkọ́ bá yọ̀ǹda ọmọ àti ìgbà tí òbí bá fojú kàn án.

Wákàtí wọ̀nyẹn ni orí yìí dá lé. Èrò mi ni pé inú wọn ni ewu tó ń bá ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa pọ̀ sí jù, ju inú kíláàsì lọ. Nígbà tí Ọ̀tà ṣì jẹ́ ìlú Àwórì tí ilé kan mọ èkejì, ìbéèrè "ọmọ ta nìyí?" kì í pẹ́ rí ìdáhùn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka ènìyàn 526,565 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ilé-iṣẹ́ àti ilé àyágbé sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Alábàágbé tó kó dé lóṣù tó kọjá kò lè mọ ọmọ yín láàárín ogún ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà. Ètò ló kù tí a lè fi rọ́pò ojúlùmọ̀ àtijọ́.

Ta ni yóò mú ọmọ?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù, ẹ kọ orúkọ ẹni méjì, tàbí mẹ́ta tó bá pọ̀ jù, tó lè wá mú ọmọ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù wọn sí i, kí ẹ sì lẹ fọ́tò wọn mọ́ ọn. Olùkọ́ kíláàsì á gba ẹ̀dà kan, ẹni tó ń ṣọ́ géètì á gba èkejì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọmọ lọ, ì báà jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ tí gbogbo ilé-ìwé mọ̀.

Èyí kò rọrùn nílẹ̀ wa. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ bá sọ fún bàbá àgbàlagbà pé òun kò ní yọ̀ǹda ọmọ, ó lè jọ àfojúdi. Nítorí náà ẹ̀yin òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ kéde nínú ẹbí pé ẹ̀yin lẹ ṣe òfin náà, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀bi bọ́ sórí olùkọ́. Bí ó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ náà lọ nìyí:

"Ẹ kú ọ̀sán o, Àǹtí. Lékè ni mo wá mú. Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀."

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, sà, orúkọ yín kò sí nínú ìwé tí Ìyá Lékè kọ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí n pè wọ́n."

"Kò burú, Àǹtí. Ẹ pè wọ́n."

Bàbá tó fi sùúrù jókòó yẹn ló fẹ́ràn ọmọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo. Ọmọ kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbé fóònù.

Fóònù yẹn gan-an ni ìṣòro kejì. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ń gba fóònù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ní géètì, nọ́ńbà yín kò wúlò fún olùkọ́ láti àárọ̀ títí ṣíìfù yóò fi parí. Ẹ fún ilé-ìwé ní nọ́ńbà súpáfáísọ̀ yín tàbí ti ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́ géètì, kí ẹ sì sọ fún súpáfáísọ̀ náà ṣáájú pé ilé-ìwé lè pè é. Nọ́ńbà kẹta, ti ẹni tí kì í kúrò ládùúgbò, ìyá aláṣọ tàbí bàbá oníkẹ́mísí tó wà nítòsí, máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ju bí a ti rò lọ.

Ẹ bi ọmọ ọdún márùn-ún ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó lè dáhùn pé "Mọ́mì". Orúkọ òbí méjèèjì, orúkọ àdúgbò, orúkọ ilé-ìwé àti nọ́ńbà fóònù kan ni kí ọmọ mọ̀ kó tó wọ Praimárì Kìíní. Ẹ fi àtẹ́wọ́ kọ́ ọ ní nọ́ńbà náà, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Kí ẹ tún ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan láàárín ara yín: ẹni tó bá sọ pé "mọ́mì rẹ ló rán mi", tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà, ọmọ á padà sọ́dọ̀ olùkọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè gbàgbé ni kó jẹ́, bí orúkọ oúnjẹ tó kórìíra.

Àwọn tó ń lo bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ẹ má ṣe rò pé ètò ti parí ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, ní Emùré-Èkìtì, àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan dúró nígbà tó ń gbé ọmọ relé, wọ́n sì kó ọmọ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìwé wọgbó. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. Ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé yín ni pé kí àgbàlagbà kejì wà nínú ọkọ̀ yàtọ̀ sí dírẹ́bà, kí orúkọ gbogbo ọmọ tó wọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wákàtí tí ọkọ̀ yẹ kó dé ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lákọsílẹ̀. Bí ó bá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́, ẹni tó ń dúró á pe ilé-ìwé. Kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni lójú láti pè.

Títì

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ohun tó ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ láti ọdún 5 sí 29 tó ìjàǹbá ojú pópó. Ẹ wo ibi tí a ń gbé: títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta la Sàngó kọjá, títì Ìdírókò sì ti Ojú-Ọ̀rẹ́ lọ títí dé ẹnu ibodè Bẹ̀nẹ̀. Tirélà tó ń kó ẹrù fún ilé-iṣẹ́, ọkọ̀ agbépo, dánfó, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń pín títì kan náà pẹ̀lú ọmọ tó gbé báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o.

Ẹ bá ọmọ rin ọ̀nà ilé-ìwé náà ní Sátidé kan kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rìn ín ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba ní ibi tí ẹ bá ti fẹ́ sọdá. Ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ̀yin ń rí, òun kò rí i. Tirélà méjì tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti di ògiri lójú rẹ̀. Dírẹ́bà tirélà kò sì rí ọmọ tó dúró gbágbáágbá níwájú ọkọ̀ rẹ̀, nítorí òkè ló jókòó sí, orí ọmọ kò dé ibi tí ojú rẹ̀ ń wò. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́: ọmọ kò gbọdọ̀ sọdá láàárín ọkọ̀ méjì tó páàkì, kò sì gbọdọ̀ gba iwájú tirélà kọjá, bó tilẹ̀ dúró, bí dírẹ́bà bá tilẹ̀ ju ọwọ́ sí i pé kó máa bọ̀. Ọ̀kadà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirélà yẹn tí dírẹ́bà náà kò rí.

Òfin kejì wá látinú ìwà wa. Ìwé ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ pé kó wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ní Sàngó, ọ̀nà méjèèjì ni ọkọ̀ ti ń bọ̀, kódà lórí títì tí a là sí méjì, nítorí wọnwéè. Ibi tí ihò bá sì ti pọ̀, dírẹ́bà á ya kúrò ní ọ̀nà tirẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Kó wo òsì, ọ̀tún, òsì, títí ẹsẹ̀ yóò fi kan òdìkejì. Bí òjò bá rọ̀, ihò títì àti gọ́tà a máa di ọ̀kan náà lójú ọmọ. Kó jìnnà sí etí omi, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ wà níbẹ̀ lánàá. Ibi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, òun ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì gbà á nígbà tí ẹ bá dá nìkan rìn pàápàá, nítorí ọmọ tó rí yín tí ẹ ń fo kọ́ńkéré àárín títì kò ní gbọ́ ìwàásù kankan mọ́.

Lórí ọ̀kadà, mi ò fara mọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ọlọ́kadà kan, mo sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ là ń rí i. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí ọmọ má jókòó síwájú ọlọ́kadà lórí táǹkì. Nínú Márúwá, ẹ̀yìn ni ààyè ọmọ, kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún níbi tí kò sí ọkọ̀.

Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ lè kọ̀wé sí TRACE, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí òṣìṣẹ́ wọn máa dúró níwájú ilé-ìwé ní wákàtí ìwọlé àti ìjáde. Ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta tó wà lójú títì kan náà ni kó jọ kọ lẹ́tà náà. Ẹ sì rántí oṣù Kejìlá: nígbà àpéjọ Ṣílò ní Kénáánì Láǹdì, èrò ń wọ Ọ̀tà láti ibi gbogbo, títì Ìdírókò á sì kún. Ẹ tètè béèrè ọjọ́ tí yóò bọ́ sí, kí ilé-ìwé lè yí wákàtí ìjáde padà.

Ojú irin

Ẹ̀yin ará Ìjọkọ́, Àgbàdó àti Kájọlà, tiyín tún lé ọ̀kan. Àwọn àgbà mọ ojú irin àtijọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi ariwo kéde ara rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí ọjà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yára, ojú irin méjì ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ Red Line ti Èkó náà ti ń kó èrò láti Àgbàdó, nítorí náà ọkọ̀ tó ń kọjá ti pọ̀ sí i. Ohun tó ń pani níbẹ̀ ni ọkọ̀ kejì: ọmọ á dúró kí ti àkọ́kọ́ kọjá, á sáré bọ́ sójú irin, láìmọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ láti òdìkejì, tí èyí tó ń lọ bò mọ́lẹ̀. Kó ka ogún lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kọjá, kó wo ìhà méjèèjì, kó tó gbé ẹsẹ̀. Kó má sì gba ojú ihò tí àwọn ènìyàn lù sí ara ọgbà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ní Ṣógunlé, Ìkẹjà, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó, ẹ̀mí sì bá a lọ. Àgbàlagbà ló kún inú bọ́ọ̀sì yẹn, àgbàlagbà ló sì ń wà á; bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí àgbà, mélòó mélòó ni ọmọ.

Ibi tí ọmọ ń dúró dè yín

Ṣọ́ọ̀bù ìyá, ilé alábàágbé, ilé ìyá àgbà, tàbí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ń san owó lésìn. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ lọ síbẹ̀ ní wákàtí tí ọmọ máa ń wà níbẹ̀, láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bóyá kànga ní ìdérí tí ọmọ kò lè ṣí, bóyá ìdérí ṣókàwéè ti là, bóyá wáyà iná ń rọ̀ sílẹ̀, bóyá jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà níbi tí ọmọ ń sùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ọmọ mọ́lé kí ẹ kó kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo mọ ohun tó ń mú kí òbí ṣe é: ẹ̀rù ajọ́mọgbé. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́ yọ, irin ojú fèrèsé tó ń dènà olè ni yóò dènà ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń yẹra fún. Ẹ kọ́ ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kò sí àgbà tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kó sì ní "má sọ fún mọ́mì o". Àgbà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ọmọ sọ. Bí ó bá sọ, ẹ gbà á gbọ́, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ìpàdé ẹbí kò lè rọ́pò èyí.

Òjé

Èyí ni ewu tí a kò rí, òun náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà jù.

Inú bátìrì mọ́tò ni òjé pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ bátìrì kọ̀ǹdẹ́mù tí wọ́n sì yọ́ ọ, eruku àti èéfín rẹ̀ á balẹ̀ sórí ilẹ̀, sórí ẹ̀fọ́, sára aṣọ. Àgbàlagbà tó gbé e mì lè má gba púpọ̀ sára, ṣùgbọ́n ara ọmọdé ń fà á mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu. Ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́: ọmọ tó já fáfá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, á máa bínú, inú á máa run ún, tàbí kó má fi àmì kankan hàn rárá títí tí máàkì rẹ̀ yóò fi wálẹ̀, tí a ó sì máa nà án pé ọ̀lẹ ni.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 kú láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù Kẹta ọdún 2008, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń tú bátìrì àlòkù. Ní Zamfara lọ́dún 2010, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láti wá wúrà nínú agbo ilé, ọmọ tó lé ní irínwó ló bá a lọ. Lọ́dún 2025, ìròyìn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ní Ògìjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, tàn ká ayé, àyẹ̀wò sì fi òjé hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ló rí bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ pé òbí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tàbí tó ń ra kọ̀ǹdẹ́mù, lè gbé e wálé lára aṣọ láìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà síta kí ẹ tó gbé ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ wẹ̀. Ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀, kí omi rẹ̀ má ṣàn lọ síbi tí ọmọ ń ṣeré. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ tó ń gbé eruku dìde. Kí ọmọ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹja àti wàrà máa ń ran ara lọ́wọ́, nítorí ikùn òfìfo àti ara tí kò ní èròjà irin máa ń fa òjé mọ́ra jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ bátìrì nínú ọgbà ilé. Bí ẹ bá fura, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́. Ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ lọ́wọ́ dókítà.

Ó ku tìróò tí a máa ń lé sójú ọmọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ìyá àgbà ni ó ti ń wá, pẹ̀lú ìfẹ́. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ìkókó kan, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà sì ni wọ́n tọ́ka sí. "Màmá, ẹ ṣeun, dókítà ní ká dúró ná" ti tó láti sọ fún wọn.

Ilé tí a sọ di ilé-ìwé

Ilé gbígbé ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni wa ń lò. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pa ogún ènìyàn. Ní Jos, ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé-ìwé wó lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo ògiri tó là, òpó tó ń bó, àjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé àjà. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ ka ẹnu ọ̀nà àbájáde: ọ̀kan kò tó.

Ìròyìn

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà, àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp sọ pé àwọn jàǹdùkú ń bọ̀ ní àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn láti Agége dé Sàngó àti Ọ̀tà. Olè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ sáré jù wọ́n lọ; ọ̀pọ̀ wa kò sùn, a ń sun táyà lójú títì. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, irọ́ pé àwọn sójà ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àrùn mú kí òbí ya bo ilé-ìwé láti kó ọmọ wọn. Irú irọ́ yẹn ló máa ń ba abẹ́rẹ́ tòótọ́ jẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni méjì péré ni kó máa kéde ọ̀rọ̀ ààbò fún ilé-ìwé kan: ọ̀gá ilé-ìwé àti alága Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́. Kí ìkéde sọ ọjọ́, wákàtí, ibi tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó fojú rí i, àti ohun tí òbí yóò ṣe. Èyí tí kò bá ní gbogbo rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú. Nítorí kì í ṣe gbogbo òbí ló ní fóònù ńlá, kí a kọ ọ́ sí pátákó ẹnu géètì, kí a sì fi ohùn sọ ọ́ lédè Yorùbá, Ègùn, Ìgbò àti Haúsá, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe rí. Ẹ má gbé fọ́tò ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù tí orúkọ ilé-ìwé hàn sórí Facebook.

Ẹ kọ ìwọ̀nyí sórí páálí kan kí ẹ fi sínú báàgì ọmọ, sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, sí ẹnu géètì ilé-ìwé: 112 fún pàjáwìrì èyíkéyìí, 122 fún Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 6232 fún NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí ìgbóná bá ń mú ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn wọn, nọ́ńbà ilé-ìwé, nọ́ńbà súpáfáísọ̀ yín, àti ti ẹni tí kì í kúrò ládùúgbò. Bí nọ́ńbà kan bá yí padà, ọjọ́ náà ni kí ẹ tún páálí náà kọ.